Eegun Ọrùn Àgùnfọn

Kò sí ẹni tí àgùnfọn ń bí nínú ní Kure, lẹ́bàá ọ̀nà Niamey, tó Hamsatu Jibo. Bí ẹ̀wà rẹ̀ bá ti ń tanná báyìí, àwọn ọlọ́rùn gígùn náà á dé, wọ́n á na ahọ́n dúdú gbọọrọ síta, wọ́n á sì máa jẹ oko lọ bí onílé. Ìjọba ti ka pípa wọn léèwọ̀, nítorí náà ẹnu lásán ni Hamsatu fi ń bá wọn jà.

"Olè! Ẹ ga títí, ẹ ò lójútì!"

Seyni, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ló máa ń mú àlejò lọ wo àgùnfọn nínú igbó. Láàárín irú ìbátan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, èébú ni ìkíni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Seyni bá a níbi tó ti ń pariwo.

"Ẹrú mi, mọ́lẹ̀bí rẹ lò ń bú yẹn o. Iye eegun tó wà lọ́rùn wọn náà ló wà lọ́rùn tìẹ. Méje péré."

"Irọ́ ń pa ọ́, olórí bí igbá! Ọrùn tó ga ju òrùlé lọ? Tó bá jóòótọ́, màá se túwó jéró, màá sì fọwọ́ ara mi fi òkèlè sí ọ lẹ́nu."

"Má gbàgbé bọ́tà o."

Ògbólógbòó àgùnfọn kan ti kú sínú igbó lásìkò ọyẹ́. Igún ti jẹ ẹ́ tán, oòrùn sì ti sọ eegun rẹ̀ di funfun. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì forí lé láti lọ kà á, àwọn ọmọọmọ Hamsatu sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ to eegun ọrùn náà sílẹ̀ láti agbárí dé èjìká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá wọn láti ìgúnpá dé ọwọ́. Hamsatu kà á: méje. Ó tún un kà láti ìdí: méje. Ó tú koríko wò bóyá wọ́n gbàgbé ọ̀kan. Kò sí.

Zeinabu kékeré bá fọwọ́ kan ọrùn ìyá rẹ̀ àgbà. "Ìyá àgbà, àṣé àgùnfọn kúkúrú ni yín!"

Hamsatu rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lálẹ́ yẹn, bó ti ń fi òkèlè sí Seyni lẹ́nu, ó ní, "Kí lo tún mọ̀, olófòófó?"

"Ìdúró ni àgùnfọn ń bímọ. Ọmọ á já bọ́ láti ibi tó ga ju èèyàn lọ, kò sì ní pẹ́ rárá tí á fi dìde."

"Orí ẹ̀ ò ní fọ́?"

Ó fojú ara rẹ̀ rí i nígbà òjò. Abo àgùnfọn kan tó ń rọbí dúró lẹ́yìn oko, Hamsatu sì kó àwọn ọmọ jọ láti wò ó. Ẹsẹ̀ iwájú ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà, gbì! Ọmọ náà mi orí, ó gbìyànjú, ó ṣubú, ó tún gbìyànjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ọ̀mùtí.

"Dìde, ọkọ mi, dìde!" Hamsatu ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà sì dìde dúró, Hamsatu ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí ọmọ ò kún àgbàlá rẹ̀ láti béèrè ọ̀rọ̀ ẹranko.

"Ìyá àgbà, ejò ńkọ́? Ṣé ọrùn ló ní, àbí ìrù ni gbogbo ẹ̀?"

Hamsatu ronú títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ sáré lọ pe Seyni wá!"