Ojú Tí Aláago Kò Yà

Ọrùn ọwọ́ ni Aláago fi ń dá èèyàn mọ̀. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tẹ̀ mọ́ tábìlì, tó fi gíláàsì kékeré há ojú kan, tó ń fi ẹ̀mú tín-ín-rín gbé irin inú aago kúrò níbi tó ti há, kì í ráyè gbójú sókè wo oníbàárà. Wọ́n á na ọwọ́ sí i, á yẹ aago wò, á ní, "Ọjọ́ Wẹ́sìdé." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá ṣèèṣì bọ́ aago òun sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ òun á béèrè ẹni tí òun wá kí nínú ilé náà.

Nígbà tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà sọ fún un pé àjókòójù ló fà á, pé kó máa rìn fún wákàtí kan láràárọ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí rírìn lásán fi sú u. Ó ní òun ò lè máa rìn kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ìgbà náà ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ fún un ní kámẹ́rà kékeré kan tí kò lò mọ́. Ni ìrìn bá di ohun tí Aláago ń tìtorí rẹ̀ jí.

Àdúgbò tó ti ń gbé láti ìgbà tó ti gbéyàwó wá di tuntun lójú rẹ̀. Ó ya ògiri tí òjò ti fọ̀ títí tí ọ̀dà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi yọjú lára rẹ̀. Ó ya ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ìyẹ̀fun tẹ sìmẹ́ńtì. Ó ya àkàbà tí akunlé kan gbàgbé, àti bàtà ọmọdé kan ṣoṣo tí wọ́n sá sójú fèrèsé. Ohun kan ṣoṣo ni kì í yà: ojú èèyàn.

Ó nídìí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó ya obìnrin aránṣọ kan níbi tó ti ń fi eyín já òwú. Obìnrin náà gbójú sókè, ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ yà mí?" Kò pariwo, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ mú kí àwọn mẹ́ta tó ń kọjá dúró. Aláago tẹríba, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn èèyàn ló ń yà: ẹ̀yìn ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ̀yìn olùkọ́ tó ń sáré lọ síléèwé, ọwọ́, ẹsẹ̀, òjìji. Ẹ̀yìn kì í bi èèyàn ní ìbéèrè.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní lójú ọ̀nà yẹn ni Aránbàtà. Ìyàwó ọkùnrin náà ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì wà ní ìlú tó jìn. Inú ṣọ́ọ̀bù pákó kan ní ìkóríta ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Aláago, aago mélòó ló lù?"

"Ó ti kọjá ìgbà tó yẹ kí o dá bàtà mi padà."

"Bàtà tó ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ṣì ń bá ẹ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Aránbàtà á dorí kọ iṣẹ́ rẹ̀, Aláago á rọra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ya ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń fa òwú dúdú la inú awọ kọjá.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, Aránbàtà gbé òòlù sílẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, o ti ya ọwọ́ mi tó. Ojú ńkọ́? Ọmọ mi ń yọ mí lẹ́nu pé kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá fóònù tí wọ́n jí lọ."

"Mi ò mọ ojú yà."

"Ta ló mọ̀ ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀? Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa fárùngbọ̀n, mo máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. Ìwọ ṣáà wá."

"Kò burú. Sátidé."

Ọjọ́ Sátidé pé, Aláago sì jáde. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí sí ìkóríta, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Aránbàtà kò tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó ṣánṣán lórí àpótí rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ títí tí etí rẹ̀ fi mú. Àwọn bíi márùn-ún rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń pè é ní ọkọ ìyàwó, obìnrin aránṣọ náà sì wà láàárín wọn.

Aláago rí ara rẹ̀ lọ́kàn níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, tó ń sọ fún àgbàlagbà pé kó kọjú síbí, kó kọjú sọ́hùn-ún. Ó ní ọjọ́ Mọ́ńdè ṣáà wà níbẹ̀. Ó yí padà, ó gba ẹ̀yìn iléèwé lọ, ó ya ògiri.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ìròyìn ti kálẹ̀: Aránbàtà sùn lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, kò jí.

Ní ọjọ́ kejì ìyẹn, ọmọ rẹ̀ dé. Ilé Aláago ló wá tààrà. Ìyàwó Aláago ló ṣílẹ̀kùn fún un, tó kí i kú àjálù, tó fún un níjòókòó.

"Wọ́n ní ẹ máa ń ya bàbá mi ní fọ́tò," ọmọ náà sọ. "Èyí tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ wọn ti parẹ́. Mo ń wá èyí tá a máa gbé síwájú pósí."

Aláago gbé kámẹ́rà wá. Fọ́tò Aránbàtà mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ni ọmọ náà kọ́kọ́ rí, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. "Ọwọ́ wọn nìyí. Ẹ wò ó, èékánná tí òòlù fọ́." Wọ́n ń bá a lọ. Ẹ̀yìn. Ìpàkọ́ tó ti pá. Orúnkún lábẹ́ awọ. Òjìji lára pákó. Ìka ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

"Ojú wọn ńkọ́, bàbá?"

Ìyàwó Aláago wo ọkọ rẹ̀.

"Kò sí," ni Aláago sọ.

"Nínú gbogbo èyí?"

"Kò sí, ọmọ mi."

Ọmọ náà gbé kámẹ́rà sílẹ̀. "Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Sátidé, láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ní àwọn ti múra, pé ọ̀rẹ́ àwọn ń bọ̀ wá ya àwọn."

Aláago ì bá ti sọ pé kámẹ́rà bàjẹ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fo ibi tó ti yí padà, kò fo ògiri iléèwé.

"Ẹ dé ibẹ̀, ẹ rí wọn, ẹ wá padà sẹ́yìn?"

"Mo rí i."

Ó ń retí èébú. Ọmọ náà kò bú u. Ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Aláago dijú. Ẹni tí kì í wo ojú èèyàn, ó ti wò ó lọ́jọ́ náà ju bó ṣe rò lọ. "Ó fárùngbọ̀n, àgbọ̀n rẹ̀ sì ń dán. Ó gbé orí sókè. Wọ́n ń bá a ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà wá ló ń wò."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyàwó Aláago ló gbá a mọ́ra. Aláago kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

Fọ́tò ọwọ́ ni wọ́n gbé síwájú pósí. Àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn rò pé àṣìṣe ni. Nígbà tí ọmọ náà ń padà lọ, ó dìrọ̀ mọ́ ìyàwó Aláago pẹ́. "Ẹ ṣeun, sà" nìkan ló sọ fún Aláago. Aláago fọ gbogbo fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì, ó fi wọ́n rán awakọ̀ kan sí i. Awakọ̀ ní òun fi lé e lọ́wọ́. Èsì kankan kò wá.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà aránṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya ojú yín. Ẹ lè kọ̀ o."

Obìnrin náà wò ó títí, ó bọ́ téèpù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó jókòó dáadáa. Fọ́tò àkọ́kọ́ kò dá ṣáká. Ó tún un yà.

Nísinsìnyí, kò sí ilé tí fọ́tò tó yà kò sí lójú pópó yẹn, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún wọn. Wọ́n á yìn ín, wọ́n á ní ó lójú àánú. Á wo ilẹ̀, á ní kò tó nǹkan. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni kì í jáde. Bí ìyàwó rẹ̀ bá béèrè ohun tó dé, á ní ẹsẹ̀ ń ro òun, obìnrin náà kì í sì í bi í léèmejì.