Ọkọ̀ Ìràwọ̀ Àbúrò Mi

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ bí kò ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: orí àbúrò mi pé. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Orí àti ọwọ́ kì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí kò mọ ìyàtọ̀. Mo ti sọ ọ́ lójú wọn, n ó sì tún un sọ níbí, nítorí èmi ni ẹ̀gbọ́n, kò sì sí ẹni tó lè ní kí n panu mọ́ nínú ẹbí yìí mọ́. Àwọn tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ti kú tán.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to rédíò ni àbúrò mi ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìdí tábìlì gígùn kan ni òun àti àwọn obìnrin mìíràn máa ń jókòó sí, rédíò á máa ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkejì, oníkálùkù á fi tirẹ̀ kún un. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì sẹ́nu wáyà, kí wáyà náà lè dì mọ́ ibi tó yẹ. Bí lẹ́ẹ̀dì bá ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́nrẹ́n, rédíò bàjẹ́ nìyẹn. Tirẹ̀ kì í ta. Ọ̀gá wọn sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn mìíràn ò mọ èyí tí bàbá wa sọ ọ́.

Ọ̀sán ni wọ́n máa ń dán rédíò wò. Gbogbo èyí tí wọ́n bá tò tán á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí pẹpẹ, ìtàn kan sì wà tó máa ń bọ́ sí àkókò yẹn, ìtàn àwọn èèyàn tí ayé yìí ti há mọ́, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ńlá kan, tí wọ́n kọrí sáàárín ìràwọ̀. Kì í ṣe bàálù o. Odindi ilé ni, tó ń fò, tó ní yàrá ìdáná, tí àwọn èèyàn ń bímọ sínú rẹ̀. Bí obìnrin tó ń tukọ̀ náà bá ti ní, "Ẹ tan iná," gbogbo ìdí tábìlì á dákẹ́. Wọ́n á gbọ́ bí iná ṣe ń tàn láti fèrèsé kan dé èkejì: pá, pá, pá. Orí rédíò ni, ẹnikẹ́ni ò fojú rí ọkọ̀ náà. Ẹnìkan á ní ó jọ ẹja, ẹnìkan á ní rárá, áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ló jọ, wọ́n á sì máa jà lé e lórí títí iṣẹ́ fi máa parí. Àbúrò mi kì í bá wọn jà. Òun ti rí tirẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ọkọ rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ méjèèjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, lọ sílé ara wọn. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgbà yẹn náà ló sì ra ike pẹlẹbẹ, ó gbé e sórí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé, ó ní òun fẹ́ kan ọkọ̀. Mo ní ọkọ̀ wo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yẹn." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ṣé kò wá ní jókòó kó sinmi bí àgbàlagbà ni. Ó ní ta ló sọ fún mi pé ó ti rẹ òun.

Kólòbó ìpara ló fi ṣe ẹ́ńjìnnì. Ìdérí bíírò di ihò èéfín. Oògùn tí dókítà kọ fún un nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n, inú ike róbótó-róbótó ló máa ń wà. Bó bá ti tẹ oògùn jáde tó gbé e mì, á gé ike náà, á fi ṣe òrùlé ibi tí àwọn atukọ̀ ń jókòó sí. Ó ní àìsàn tó bá fẹ́ bá òun gbé gbọ́dọ̀ máa bá òun ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ gbígbóná ló fi lu àwọn fèrèsé. Ó wá to gílóòbù kéékèèké, tí kò tó hóró ìrẹsì, sẹ́yìn wọn ní ìlà-ìlà, ìlà kọ̀ọ̀kan ní súwíìṣì tirẹ̀. Inú àwọn rédíò àtijọ́ ló ti tú súwíìṣì wọ̀nyẹn, nítorí èyí tó ń dún ló fẹ́. Nígbà tó lẹ ara ọkọ̀ náà pọ̀ tán, tó kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó gùn tó apá mi. Kò jọ ẹja, kò jọ áyọ́ọ̀nù. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó mọ̀.

Alágbàfọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé ló gbóòórùn lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́. Kò gòkè wá bèèrè. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ló pè. Ọ̀gá ni ọmọ yìí níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń gbàgbé pé ibi iṣẹ́ nìkan ló ti jẹ́ ọ̀gá. Ó já wọlé, ó bá màmá rẹ̀ lórí àga, irin gbígbóná wà lórí irin tó ń gbé e dúró, ọwọ́ màmá rẹ̀ wà lórí itan, ó ń gbọ̀n.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí ilé jó mọ́ yín lórí ni?"

"Ilé wo ló jó?"

"Ẹ wo ọwọ́ yín, Mọ́mì. Ẹ tiẹ̀ wò ó."

Ó yọ irin náà kúrò nínú iná, ó dúró kó tutù, ó wé e sínú bébà, ó lọ gbé e sínú búùtù mọ́tò rẹ̀. Ó padà wá sọ pé òun ti tún yàrá kan ṣe nílé òun, òun sì ti sọ fún onílé pé màmá òun ń kó jáde. Tó bá di Sọ́ńdè, òun àti àbúrò òun á wá gbé e. Ẹ gbọ́ o. Ó ti sọ fún onílé kó tó sọ fún ẹni tó ń gbé inú ilé! Inú bí mi débi pé n kò lè jókòó. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n!

Àbúrò mi ò sunkún, kò pariwo. Ó pè mí lórí fóònù, ó rò ó fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ra irin mìíràn." Mo wọ bàtà, mo lọ. Ẹni tó ń tà á bi mí pé, "Màmá, ta lẹ fẹ́ rà á fún?" Mo ní èmi ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Èmi náà wò ó láti òkè délẹ̀, mo sì ga jù ú lọ.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rí bí ọwọ́ náà ṣe ń gbọ̀n. Mo ní, "Ṣé o lè ṣe é ṣá?"

"Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wò ó."

Ó na ọwọ́, ó mú irin. Bó ṣe mú un báyìí, ọwọ́ náà rọlẹ̀ bí ọmọ tó ń ké tí wọ́n fi ọmú sí lẹ́nu. Ó fi lẹ́ẹ̀dì kan wáyà, èéfín kékeré rú, ó parí. Ó gbé irin sílẹ̀, ó dá ọwọ́ padà sórí itan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ìgbà tó bá dilẹ̀ ló ń gbọ̀n," ló wí. "Dókítà gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn, ìgbà tí mo bá gbọ́wọ́ lé itan nìkan ni wọ́n máa ń wá kí mi."

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan rọrùn fún un. Bọ́tìnnì ń dà á láàmú, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dìde lórí àga. Ṣùgbọ́n ta ni kì í pẹ́ nínú àwa àgbà?

Sọ́ńdè pé. Àwọn ọmọ dé lọ́sàn-án, wọ́n bá èmi àti ìyá wọn nídìí tábìlì. Àpò ìrìn-àjò ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò mi ti pa á dé. Ojú ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń ṣe tíṣà, tàn.

"Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ẹ ti di ẹrù yín."

"Ẹ jókòó," ni ìyá wọn wí. "Wáyà kan ló kù nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ máa wò mí bí n ṣe ń jó o. Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n tí lẹ́ẹ̀dì bá ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, àpò nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá ta, n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkólọ yìí mọ́."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rí irin tuntun, ó yíjú sí mi. "Mọ́mì àgbà, ẹ̀yin náà!"

"Èmi náà," ni mo wí. "Jókòó bí wọ́n ṣe ní kó o jókòó."

Àbúrò mi mú irin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ọwọ́ bojú, ó sì ń yọjú láàárín ìka. Ìyá wọn tẹ orí mọ́ iṣẹ́, ó fọwọ́ kan lẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu. Ojú lẹ́ẹ̀dì náà rí róbótó, ó ń dán. Ó fi òrùlé ike oògùn dé ibi tó ṣí sílẹ̀ lórí ọkọ̀ náà, ó ní kí n ta kọ́tìnnì sí i kí yàrá lè ṣókùnkùn, ó wá tẹ gbogbo súwíìṣì.

Áà! Kì í ṣe àwọn fèrèsé nìkan ló tàn. Gbogbo ọkọ̀ náà ló tàn, láti imú dé ìdí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìgbà tí ọmọdé bá fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn àtẹ́lẹwọ́. A ń rí wáyà, a ń rí góòmù, a ń rí gbogbo ibi tó ti fi bébà lẹ ihò. Àṣìṣe oní-rédíò gan-an nìyẹn. Inú igi ni wọ́n máa ń to rédíò sí nígbà tiwọn, igi ò sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì ilé iṣẹ́ yẹn ò kun inú nǹkan rí. Ó ti kun ìta ọkọ̀ rẹ̀ ní funfun títí ó fi ń dán, kò wá fi ọ̀dà dúdú kan inú rẹ̀ rárá.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dìde. Kò pariwo o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Mọ́mì, ẹ ti gbìyànjú. Ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó múra, ó fi gbogbo agbára gbé àpò náà. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú sẹ́yìn, nítorí àpò fò sókè bí ìgbà tí èèyàn gbé ìrọ̀rí. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó ṣí i. Ó wo inú rẹ̀ títí.

"Mọ́mì, kò sí nǹkan kan nínú àpò yìí."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ ò di ẹrù ni?"

"Àbúrò rẹ ló sọ pé mo dì í. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo ojú àbúrò mi, ẹ̀rín náà sì kú sí mi lẹ́nu. N kò rí i kó le bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé.

"Wá wo ibi tí mo jó yìí," ló sọ fún èyí ọkùnrin. "Ó ta àbí kò ta?"

Ọmọ náà wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. "Kò ta, Mọ́mì."

"Ó dáa. Ọkọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń jò lára rẹ̀, àtúnṣe ló ń fẹ́. A kì í torí ẹ̀ lé onílé jáde. Kí n tún wá sọ èyí tó kù fún un yín. Kódà ká ní ó ta, mi ò lọ. Kí lẹ́ẹ̀dì ta dé òrùlé, kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n kí n má lè mú ṣíbí, ibí yìí ni mò ń gbé. Ọjọ́ tí n bá fẹ́ lọ, ẹnu mi lẹ máa ti gbọ́ ọ. Mo kàn ní kẹ́ ẹ wá wò mí ni, nítorí ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti wò mí kẹ́yìn."

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó mú réésà, ó fi la ọkọ̀ náà níbi tó ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, láti imú dé ìdí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kígbe bí ẹni pé òun ni wọ́n là. Ọwọ́ àbúrò mi ò mì. Ó ya á sí méjì, ó tẹ́ ẹ sórí bébà, ó na ọwọ́ sí mi láìwojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dà dúdú." Mo gbé e fún un.

"Ìwọ," ló sọ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, "pe onílé. Lẹ́yìn náà, lọ gbé irin mi wá nínú búùtù."

Ojú wa ló ti pè é. Mo dúró tì í gbọn-in kó má bàa gé e kúrú. Ó sọ fún onílé pé òun ṣì í sọ, pé màmá òun ò kó lọ síbì kankan. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi mọ́tò, ó gbé irin náà gòkè wá nínú bébà tó fi wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ka iwájú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló jókòó, kò sì mẹ́nu kan ìkólọ mọ́.

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, tó tún un lẹ̀ tán, ó ránṣẹ́ pè mí. Ìrọ̀lẹ́ ni, ojú ọjọ́ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ó ti gbé ọkọ̀ náà kọ́ sójú fèrèsé tó kọjú sí títì. Ó gbé ìka lé súwíìṣì, ó ń wò mí, ó ń dúró. Ó yé mi. Mo gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè gbàgbé.

"Ẹ tan iná," ni mo wí.

Pá. Ìlà ìsàlẹ̀ tàn. Pá. Ìlà kejì tàn. Pá. Ibi tí àwọn atukọ̀ ń jókòó sí tàn lábẹ́ ike oògùn. Ara ọkọ̀ ṣókùnkùn biribiri láàárín wọn, kò sí ibi tó ń jò. Alágbàfọ̀ jáde síta, ó gbójú sókè, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó. Mo na ìka sí i láti òkè. Ó rọra wọlé.

Àbúrò mi jókòó, ó gbọ́wọ́ lé itan. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo na tèmi, mo dì í mú kó lè sinmi. Ó fà á yọ.

"Ẹ má dì í mú, Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ló ń bèèrè. Ẹ bá mi gbé ike pẹlẹbẹ tó kù yẹn wá."