Òkè Abẹ́ Òkun àti Apá Àbúrò Mi

Ohùn ni a fi ń wo ìsàlẹ̀ òkun. Ọkọ̀ á rán ohùn wọ inú omi, ohùn á kan ilẹ̀, á padà wá, kọ̀ǹpútà á sì fi ya òkè àti kòtò ibẹ̀ fún wa. Iṣẹ́ mi nìyẹn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń wá ibi tí yóò ti wa òkúta dúdú tí wọ́n ń yọ irin tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan kò tó. Bí àwòrán bá ní òkúta wà lórí òkè kan, a ní láti fi wáyà sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ká fojú rí i, kí wọ́n tó yan ibẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde bíi tèmi ni ọ̀gá wa nínú ọkọ̀, inú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, la sì wà, torí ọdún tí wọ́n bí wa sún mọ́ra. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló ń darí ẹ̀rọ tó ń ká wáyà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òkun ń ru, ọkọ̀ ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ní ká fa kámẹ́rà sókè. Ọ̀gá ní rárá, òkè kan péré ló kù, òun ò ní lọ sọ fún àwọn tó rán wa pé ìgbì ló dá òun dúró. Wáyà já. Ó nà padà bíi pàṣán, ó sì gé apá ọ̀tún àbúrò mi bọ́ láti ìgúnpá. Mo rí apá náà nílẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì ń mì. Bí mo ṣe ń fi bẹ́líìtì mi di èyí tó kù, ẹ̀jẹ̀ ń tú sí mi lójú, ọ̀gá dúró tì wá, ó ń béèrè bóyá kámẹ́rà ti ya àwòrán kí wáyà tó já.

Ó ti yà á.

Nígbà tí àbúrò mi kúrò ní ọsíbítù, mo mú un wá sílé. Inú ń bí mi jí, inú ń bí mi sùn. Ọjọ́ ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ó sìn mí lọ, ó jókòó síta torí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa. Nínú ilé, ọ̀gá dìde, ó ń yangàn pé òkè tí òun rí ni wọ́n yàn, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha orí rẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo fò mọ́ ọn. Mo fi orí kàn án nímú, ó dún kẹ́. Ó gbé àga là mí lẹ́yìn, mo fún un lọ́rùn títí ojú rẹ̀ fi yọ síta. Kí wọ́n tó là wá, ẹ̀jẹ̀ ti kan ògiri.

Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé àwọn tó bá jà gbọ́dọ̀ jẹun nínú àwo kan náà kí wọ́n tó jáde. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ àti èbà tútù sílẹ̀. Alága ní, "Ahọ́n àti eyín náà ń jà, wọ́n sì ń parí ẹ̀."

Mo ní, "Ahọ́n wo ni eyín gé jábọ́ tó tún hù?"

Mi ò jẹ. Wọ́n bá pe àbúrò mi wọlé kó bá wọn bẹ̀ mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ ká máa lọ. Ó ti rẹ̀ mí."

Torí tiẹ̀ ni mo ṣe fọwọ́. Mo bu òkèlè kan, mo fipá gbé e mì. Ọ̀gá náà jẹ. Inú alága dùn, ó ní kí àbúrò mi náà wá jẹ níbẹ̀, ó ṣe tán, ọ̀rọ̀ náà kàn án ju gbogbo wa lọ.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sí àwo.

Ta ló ń fi ọwọ́ òsì bọ àwo àjọjẹ nílẹ̀ wa? Ọ̀gá fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ bu ti àbúrò mi wá lọ́tọ̀.

Àbúrò mi fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú sí òun.

Mo gbé àwo náà, mo fọ́ ọ mọ́ ọ̀gá lójú.