Òróró Nínú Omi Ẹja

Ṣé ẹja mọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ? Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ìbéèrè yìí, n ò sì tíì rí èsì rẹ̀. Mo gbé e lọ bá Ummulkhair, ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn ju ẹja lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì Tolú, wọ́n máa ń sáré wá tí wọ́n bá ti rí ọwọ́ mi. Bóyá èmi ni wọ́n mọ̀, bóyá oúnjẹ ni, ta ló fẹ́ gba ìyẹn lẹ́nu ẹja?"

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ ní Ibafo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, bí a bá ń ti Mowe bọ̀, ní ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń ta táìlì. Kì í ṣe ẹja jíjẹ ló ń tà. Ẹja tí àwọn èèyàn ń sìn nínú àpótí dígí ní pálọ̀ wọn ni, pupa, dúdú, aláwọ̀ wúrà, àti èyí tí ìrù rẹ̀ gùn bí ìbòrí ìyàwó tuntun. Ọmọ Ifo ni. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kó irú ẹja bẹ́ẹ̀ wọlé láti òkè òkun. Ifo ló ti kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, kó tó rí i pé apá ibí ni ilé tuntun ti ń yọ lójoojúmọ́, tó sì kó wá. Ọjọ́ tó ń kó wọn bọ̀, oòrùn àti gbágungbàgun ọ̀nà pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Tó bá ń sọ ọ́, ṣe ló máa ń wo ilẹ̀.

Láti ìgbà tí Bàbá Tolú ti kú, ilé máa ń dákẹ́ jù fún mi. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ mi ní Magboro dé, mo máa ń yà jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kí n máa wo ẹja. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é ní Ìyá Ikram, ń bi í.

"Ìyá Ikram, ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa fún wọn lóúnjẹ lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, sà. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kí ẹ tó ka Fátíhà tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ìsàlẹ̀ omi ló máa jẹrà sí. Àjẹjù ló ń pa ẹja nílé yín, kì í ṣe ebi."

"Èmi kì í ka Fátíhà o."

"Ẹ ka 'Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run' nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fa ohùn."

Obìnrin kan wá bínú sí i lọ́jọ́ kan. Ó ní òun da gbogbo omi nù, òun fi ọṣẹ fọ dígí náà mọ́ tónítóní, ẹja sì kú. Ummulkhair bá a kẹ́dùn ná, bí ẹni pé èèyàn ló ṣaláìsí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá, pé díẹ̀ nínú omi náà ni kó máa gbọ́n dànù lọ́sẹ̀, kó fi omi tó ti sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹja kì í fẹ́ kí omi tó ti mọ́ ọn lára yí padà lójijì. Obìnrin náà tún bi í bóyá ẹja máa ń sùn. "Wọ́n ń sùn, mà. Wọn ò ní ìpéǹpéjú tí wọn yóò fi pa ojú dé ni. Ẹ máa pa iná fún wọn lálẹ́."

Lukman, tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ké láti ìta: "Tó bá dàgbà, ṣé a lè dín in?"

"Lukman, ẹni tó sọ ẹja lórúkọ, tó ń kí i káàárọ̀, òun náà ló máa wá dín in?"

Màmá Jésùlayọ̀mi ló ni ṣọ́ọ̀bù tí Ummulkhair ń lò. Ìyá ìjọ ni wọ́n ní ìjọ wa ní Mowe, èèyàn dáadáa sì ni wọ́n. Nígbà tí Bàbá Tolú kú, ilé mi ni wọ́n ń sùn, àwọn ni wọ́n ń fipá bọ́ mi lóúnjẹ. Àwọn náà ra ẹja lọ́wọ́ Ummulkhair. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń wọ ilé Màmá tí wọn kì í ta òróró àdúrà sí, yálà bẹ́ẹ̀dì ni, yálà fíríìjì. Wọ́n da òróró sínú omi ẹja náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ẹja ń la ẹnu lójú omi, nígbà tó yá, gbogbo wọn kú. Ọjọ́ Ìsinmi, Màmá jáde jẹ́rìí. "Wọn ò lè gba òróró mọ́ra! Ẹja ẹ̀mí òkun ni wọ́n!" Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Èmi náà ké e, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò bá ẹnu mi lọ.

Mo gba òróró gbọ́. Ó wà nínú ìwé Jákọ́bù, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n òróró kan náà la ta sí Bàbá Tolú lórí ní ọsibítù, wọn ò sì dìde. Kò sẹ́ni tó sọ lọ́jọ́ náà pé wọn ò lè gba òróró mọ́ra. Ìfẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n pè é. Mo máa ń bi Ọlọ́run nípa rẹ̀ nígbà míì, jẹ́jẹ́ ni mo sì ń bi í.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí Màmá wọlé, ìgò òróró lọ́wọ́ wọn. Ummulkhair kúnlẹ̀ kí wọn.

"N ò ní jókòó. Mo wá ya ṣọ́ọ̀bù mi sí mímọ́ ni." Wọ́n ti ń ṣí ìdérí.

Ummulkhair ò tíì dìde lórí eékún tó fi na ọwọ́ bo ojú dígí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ gbàdúrà. Ẹ ta á sára ilẹ̀kùn, ẹ ta á sí èmi gan-an lórí. Inú omi nìkan ni kí ẹ má dà á sí."

Wọ́n kọjú sí mi. "Mọ́mì Tolú, ṣé ẹ gbọ́? Kí ló ń bà á lẹ́rù nínú òróró?"

Ummulkhair ló fèsì. "Kò bà mí lẹ́rù mà. Láti ojú omi ni atẹ́gùn tí ẹja ń mí ti ń wọlé. Òróró á léfòó, á bo gbogbo ojú omi, bí ìgbà tí wọ́n fi náílọ̀n bo èèyàn nímú. Òróró tí ẹ fi ń dín dòdò náà á ṣe bẹ́ẹ̀."

"Òróró àdúrà lo ń fi wé ti dòdò?"

"Ẹ dárí jì mí mà."

Lukman tún yọjú. "Màmá, tó bá jẹ́ ẹ̀mí òkun ni wọ́n, kí ni wọ́n ń wá ní Ibafo? Òkun wo ló wà níbí?"

"Ìwọ, lọ máa fẹ́ táyà rẹ!" Màmá dé ìgò wọn. Ohùn wọn rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí padà. "Ìparí oṣù yìí. Kó ẹja rẹ, kó o wá ibòmíràn lọ. N ò lè gba ẹ̀mí òkun sínú ilé mi."

Mo sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti wọ ọkọ̀, mo sì padà. Ummulkhair ń wọn oúnjẹ sójú omi, àwọn ẹja ń sáré bọ̀.

"Tí mo bá tún kó wọn lójú ọ̀nà, mélòó ló máa kù?"

Mo bi í pé, "Ṣé òróró náà ló pa ti Màmá lóòótọ́?"

"Òun ni mà. N ò sọ pé Ọlọ́run ò sí nínú òróró o. Mo ní ẹja ò rí atẹ́gùn mí ni."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́n ẹja méjì aláwọ̀ wúrà sínú dígí kékeré kan, ó gbé e wá síwájú mi, ó sì kúnlẹ̀.

"Mọ́mì Tolú, ilé yín lẹ ti ń ṣe ìpàdé àdúrà ní Ọjọ́rú, Màmá sì máa ń wá, àbí?"

"Wọ́n máa ń wá."

"Ẹ bá mi gbé méjì yìí sí pálọ̀ yín, níbi tí gbogbo yín ti máa rí wọn. Ẹ kọrin lé wọn lórí, ẹ gbàdúrà lé wọn lórí bó ṣe wù yín. Kí Màmá fojú ara wọn rí i pé orúkọ Jésù kì í pa ẹja, bóyá wọ́n á jẹ́ kí n dúró. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti mú òróró jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ọwọ́ wọn mú. Ṣé ẹ lè ṣe é fún mi?"