Ìbọn Ẹfọ̀n àti Àparò Agblangandan

Epo àgbọn ni Bàbá fi ń nu ìbọn rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn epo àgbọn níbikíbi, yàrá wa ní Akpakpa ló ń wá sí mi lọ́kàn, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí Kútọnu kò tíì kún tó báyìí, tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kàmáráàdì láti àárọ̀ dalẹ́. Rédíò ìjọba ológun á máa kígbe "Ehuzu dandan", ìyẹn ni pé nǹkan ti yí padà, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Àwa náà á máa kígbe tẹ̀ lé e, torí ẹni tí kò bá kígbe, aládùúgbò rẹ̀ ń wò ó. Bàbá nìkan ni kì í kígbe. Á wo rédíò náà bí ẹni ń wo àlejò tó ń pariwo jù lórí ẹní onílé, á sì máa nu ìbọn rẹ̀ lọ.

Bàbá ọkọ mi ni mò ń sọ. Ọdẹ Kétu ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, òun ló máa ń tọpa ẹran fún òyìnbó kan tó ń dọdẹ ẹfọ̀n lápá òkè, nígbà tí òyìnbó náà sì ń padà sílé, ó fi ìbọn rẹ̀ àti àpò ọta kan ta á lọ́rẹ. Ìbọn yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ilé wa ń gbé kiri. Ọta rẹ̀ kan gùn ju ìka mi lọ. Wọ́n ní ó lè gba iwájú orí ẹfọ̀n wọlé kó gba ìdí rẹ̀ jáde, kó tún máa wá ẹfọ̀n mìíràn lọ. Ní Kétu, orúkọ ìbọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti Bàbá lọ. Ní Kútọnu, ó kàn fara ti ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni, bí arúgbó tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú ni Bàbá kọ̀ tí kò wọ ilé rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ló ń sùn sí, tí ẹbí bẹ̀ ẹ́ títí tó sú wọn. Ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, lọ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn aládùúgbò káàánú mi pé bàbá ọkọ ti dé sórí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọn kò mọ̀ pé bàbá tèmi ti kú kí n tó gbọ́njú mọ̀ ọ́n, pé n kò tíì pe ọkùnrin kan ní Bàbá nínú ilé rí kó dá mi lóhùn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí i, tó ní, "Hẹ̀n, ìyàwó, ṣé o sùn dáadáa?" mo sáré wọ ilé ìdáná lọ sunkún, mo sì sọ fún ọkọ mi pé èéfín ni. Mo fẹ́ kí Bàbá máa gbé ọ̀dọ̀ wa. N kò fẹ́ ohun mìíràn láyé nígbà náà.

Ṣùgbọ́n Bàbá kì í jẹun. Á tọ́ ẹ̀kọ díẹ̀ wò, á mu omi, á ṣàdúrà fún mi, á sì rọra ti abọ́ padà sọ́dọ̀ mi. Mo gbé adìyẹ wá, mo gbé ẹran màlúù wá láti ọjà Dantokpa, èyí tó dára jù. Ó ní, "Ìyàwó, ẹran tí mi ò mọ bó ṣe kú, ọ̀nà ọ̀fun mi ò gbà á." Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù ú. Ọkọ mi wá ń sọ pé bó bá ń lọ báyìí, òun á dá a padà sí Kétu, kí ẹbí má baà wí pé ọwọ́ àwa ló kú sí. Nígbàkigbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbé ìkòkò mìíràn kaná.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni délégé àdúgbò wa, aṣojú ìjọba, fi fèrè wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbọn nílé kó o wá sí ọ́fíìsì kí ọ̀sẹ̀ tó parí, torí àwọn ọ̀tá ìlú. Bàbá gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì ó pè mí. Ọkọ mi ti lọ sí Parakou. Ó ní, "Àparò wà nínú igbó Agblangandan. Mo gbọ́ ohùn wọn níjọ́ tí a ń bọ̀. Ìbọn yìí ò ní kúrò lọ́wọ́ mi láì jẹ́ pé mo jẹ ẹran rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i." Èmi gbọ́ "jẹ ẹran", etí mi kò gbọ́ ìyókù mọ́. Ká ní erin ló ní òun fẹ́ pa láàárín Dantokpa, n bá bá a gbé ọ̀bẹ.

Mo fi ẹní wé ìbọn, mo gbé e rù, a gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ ní ojúmọmọ, Bàbá níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, èmi lẹ́yìn. Ibi tí àwọn ológun ti fi okùn dí ọ̀nà la ti kó sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi wá ní Fọ̀n pé kí ló wà nínú ẹní. Kí n tó ronú irọ́ kan jọ, Bàbá ti dáhùn: "Ìbọn tí wọ́n fi ń pa ẹfọ̀n ni."

"Kí lẹ fẹ́ fi pa?"

"Àparò."

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi di ikùn mú. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ máa lọ, ẹ bá wa mú itan kan bọ̀." Nígbà tí a jìnnà, mo bi Bàbá pé kí ló dé tó fi sọ òótọ́. Ó ní, "Irọ́ ni wọ́n ń wá, ìyàwó. Ta ló rí òótọ́ tó tú u wò?"

Nígbà náà, Agblangandan kì í ṣe ilé, koríko ni, àgbọn níhìn-ín, ọ̀gán lọ́hùn-ún, ọ̀sà sì ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá kọ́ mi ní iṣẹ́ mi. Òun á yìnbọn, èmi á sáré pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ dú àparò náà kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, torí ẹran tí a kò bá dú, òkú ni, mùsùlùmí kì í jẹ òkú. Mo ní ní Ṣakété tiwa, obìnrin kì í dú ẹran níbi tí ọkùnrin bá wà. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wò mí. "Ọkùnrin tó wà níbí ò lè sáré mọ́. Ọlọ́run tó dá àparò gbọ́ ohùn obìnrin."

Ó yìnbọn àkọ́kọ́. N kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Gbogbo ẹyẹ orí ọ̀sà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, apẹja kan fò dìde nínú ọkọ̀ rẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Èmi ti ń sáré lọ, mò ń pariwo Bísímílláì, ọ̀bẹ lókè. Ìyẹ́ ni mo bá, ìyẹ́ lórí koríko, ìyẹ́ lójú afẹ́fẹ́, àti ẹsẹ̀ méjì. Mo kó ẹsẹ̀ náà wá fún Bàbá, mo kúnlẹ̀.

"Ọrùn ńkọ́?"

"Bàbá, kò ní ọrùn mọ́."

Ìbọn kejì, ẹsẹ̀ pàápàá kò kù, ihò kan ló wà nínú ilẹ̀ tí ènìyàn lè gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Ẹlòmíràn ì bá ti padà sílé. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Bàbá jókòó, ó ń fi ọwọ́ ra èjìká rẹ̀, ó sì ń ronú bí ẹni tí ó fẹ́ bá ọba sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní agbára ìbọn yìí pọ̀ ju ohun tí àparò lè gbà, a ò ní fi hàn án, a óò kàn jẹ́ kó gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Nígbà tí àparò kan wá dúró lẹ́bàá ọ̀gán, ọ̀gán ni Bàbá yìn ín mọ́. Ọ̀gán fọ́ yángá, erùpẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀, àparò sì na ìyẹ́ sílẹ̀ láàárín rẹ̀, òyì ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, pẹ̀lú ọrùn rẹ̀.

Mo gbé e. Ó gbóná. Ọkàn rẹ̀ ń lu àtẹ́lẹwọ́ mi kíákíá kíákíá. Bàbá ń pariwo láti ọ̀nà jíjìn, "Dú u, ìyàwó! Dú u!" Èmi tí mo ti fi Bísímílláì sí ìyẹ́ lásán lórí lẹ́ẹ̀mejì, ó wá di pé ahọ́n mi kò yí mọ́. Mo ní kí n kúkú dúró kó dé, kó fi ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi. Mo dúró. Àparò kò dúró. Ojú rẹ̀ là, ó họ ọrùn ọwọ́ mi, ó já, ó sì gba orí koríko lọ, ó ń ké lọ bí ẹni tó ń fẹjọ́ mi sùn.

Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ti àparò. Mo rò pé oúnjẹ Bàbá ló fò lọ yẹn, pé kò ní jẹun mọ́ láé, pé ọkọ mi á dé, á gbé e lọ, èmi á sì tún di ọmọ tí kò ní bàbá. Mo gbọ́ tí Bàbá ń wúkọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo yíjú, kì í ṣe ikọ́. Ẹ̀rín ni. Ó gbára lé ìbọn ẹfọ̀n bí ọ̀pá, omi ń dà lójú rẹ̀, kò lè mí dáadáa. "Ìyàwó! Èmi ní kí o dú u, ìwọ ń ṣe wáàsí fún un!" N kò rí eyín rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹkún lójú, a rẹ́rìn-ín títí apẹja fi tu ọkọ̀ rẹ̀ wá bi wá bóyá ogun ló dé. Bàbá ní rárá, àparò ni. Ọkùnrin náà wo ìbọn, ó wo wá, ó fún wa ní ẹja tó tóbi, mo rò pé àánú ló ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Bàbá jẹ ẹja náà. Ó fi ẹ̀kọ jẹ ẹ́, ó fa orí rẹ̀ mu, ó ní ṣé ó kù. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó tèmi ní gbogbo Akpakpa. Mo ní ó parí, Bàbá ti di tiwa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó wé láwàní, ó fúnra rẹ̀ gbé ìbọn lọ sí ọ́fíìsì, ó sì padà wá jókòó. Ó ní bí ọkọ mi bá dé, kó mú òun lọ sí Kétu. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí ni mo ṣe. Ó ní kí n dìde.

"Ìyá ọkọ rẹ ló máa ń mú mi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti kú, mo rò pé ó ti gbé ẹ̀rín mi lọ sínú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè wọ ilé yẹn. Lánàá, mo rí i pé kò gbé e lọ. Mo lè wọlé báyìí." Ó wá fi kún un pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi wò ó sàn débi tó fi lè fi mí sílẹ̀. Mo dì í lẹ́rù, mo fi gàrí sí i, mo sì dúró lójú títì títí ọkọ̀ ọkọ mi fi yà sọ́nà Pọ́tónófò.

Ó pẹ́ kí ó tó kú. Bí a bá lọ kí i nígbà Iléyá, á pe gbogbo agbo ilé jọ láti sọ ìtàn àparò wa, àparò náà sì ń tóbi sí i lọ́dọọdún, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tòlótòló. N kò já a níyàn rí. Nígbà tí ó ṣàìsàn ìkẹyìn, òjò ba ọ̀nà jẹ́, ó ti kú kí n tó dé. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé ó ń béèrè ṣáá pé ṣé ọmọ òun ti Kútọnu ti dé. Ọkọ mi sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kan ṣáájú. Obìnrin náà ní àwọn tọ́ka sí ọkọ mi fún un, Bàbá ní òun rí ìyẹn, obìnrin lòun ń wí.

Ilé kún Agblangandan báyìí, ilé aláràbarà, n kò sì lè mọ ibi tí ọ̀gán yẹn wà mọ́. Èmi náà ti dàgbà, àwọn ọmọ mi ń tọ́jú mi dáadáa, n kò ráhùn. Ṣùgbọ́n àárò Bàbá ń sọ mí. Bí bàbá arúgbó kan bá ń rẹ́rìn-ín nínú èrò, mo máa ń dúró, mo máa ń yíjú padà, n kì í sì tètè lè rìn mọ́.