Nígbà tí Olùṣọ́ Afárá Panu Mọ́

Ọdún méjìlélógún ni Emmett Hruska fi kọ ìtàn Olùṣọ́ Afárá, ìwé ìtàn alàwòrán kan lóṣooṣù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oṣù kan tí kò fi ọ̀rọ̀ dá mi lágara. Èmi, Verna Sabol, ni mò ń fọwọ́ kọ ohun tí àwọn èèyàn inú àwòrán rẹ̀ ń sọ. Emmett á ro ìtàn, ayàwòrán á yà á, èmi á wá fi gègé àti yíǹkì kọ ọ̀rọ̀ sínú àwọn róbótó tó wà lókè orí wọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yẹn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ gbólóhùn kúkúrú.

Pittsburgh ni àwa méjèèjì ń gbé, òpópónà méjì péré ló wà láàárín wa. Iṣẹ́ kíkun afárá lọ́dà ni bàbá rẹ̀ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni Olùṣọ́ Afárá ti wá: alágbára kan tó ń gbé abẹ́ afárá, tó ń fi ọwọ́ kan dá ọkọ̀ ojú irin dúró, tí kì í sì í dákẹ́ bó ṣe ń jà. Á máa lu olè, á tún máa bi í léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ohun tí àwọn òǹkàwé fẹ́ràn nìyẹn. Emmett fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á so táì mọ́rùn kó tó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ láti kọ̀wé, torí ó ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Tó bá parí, á fẹsẹ̀ rìn wá sílé mi nínú yìnyín, á kó ìwé náà fún mi, á mu kọfí.

"Emmett, ta ló máa kọ gbogbo èyí? Àbí o rò pé ẹ̀rọ ni mí?"

"Olùṣọ́ Afárá ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Lọ bá a jà."

Ní ọdún kẹtàdínlógún, ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà ti ń gba iṣẹ́ wa lọ nígbà yẹn, àwáwí lásán ni àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ń wá láti lé wa. Tí lẹ́tà kan bá wọ́, màá fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, màá tún un kọ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ, iṣẹ́ yẹn ni mo ní.

Àmọ́ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, iṣẹ́ náà ń fúyẹ́. Olùṣọ́ Afárá á kàn dúró sínú òjò, á máa wo odò. Ojú ìwé mẹ́ta á kọjá, "Rárá" nìkan ló máa sọ. Mo fi Emmett ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti tán nínú rẹ̀. Nínú ọkàn mi, mò ń dúpẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, olóòtú wa, pè mí lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀. Àwọn òǹkàwé ń béèrè ta ló gé ahọ́n Olùṣọ́ Afárá. Tí kò bá yí padà kó tó di oṣù kẹrin, màá gbé ìwé yẹn fún ẹlòmíì."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Mo ti sọ fún un, mà. Ó ní kò burú."

Mo kó gbogbo ìwé tó ti kọ fún mi jáde, mo tẹ́ wọn sílẹ̀. Oṣù tí mo kọ́kọ́ lo ọ̀dà funfun náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Lẹ́yìn náà inú bí mi, mo wọ bàtà, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Ó so táì.

"Ta ló ní kó o máa ṣàánú mi?"

"Ta ló ṣàánú ẹ? Olùṣọ́ Afárá ti dàgbà, ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Emmett."

Ó tú táì rẹ̀. "Ìdajì kọfí tó o gbé fún mi ló máa ń dà sínú àwo, Verna. Ṣé kí n wá máa di ẹrù lé ọwọ́ yẹn?"

"Wọ́n máa gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ."

"Kí wọ́n gbà á. Tí kì í bá ṣe ìwọ lo kọ ọ́, mi ò ní gbọ́ ohùn Olùṣọ́ Afárá."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn débi pé mo pinnu láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pe Pruitt, mo ní mo ti ṣíwọ́, kó wá oníkọ̀ǹpútà, Olùṣọ́ Afárá á tún máa sọ̀rọ̀. Emmett bínú, kò yà sílé mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tó di Mọ́ńdè, fóònù dún, Emmett ni.

"Jókòó. Mo fẹ́ ka nǹkan fún ẹ."

Ó ka gbogbo ọ̀rọ̀ Olùṣọ́ Afárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ó ti gùn jù."

"Níbo?"

"Níbi gbogbo."

Mo gbọ́ tó ń fi pẹ́ńsù fa ọ̀rọ̀ kúrò. Bó ṣe ń ṣe é lóṣooṣù nìyẹn títí ó fi kọ èyí tó kẹ́yìn.

Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ tí mi ò fọwọ́ kọ jáde, mo lọ wò ó ní ilé ìtajà oògùn tó wà ní igun òpópónà wa, níbi tí wọ́n ti ń tà á. Níbi tí wọ́n máa ń to orúkọ wa sí, mo rí òǹkọ̀wé, mo rí ayàwòrán, mo sì rí ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà náà. Lábẹ́ wọn, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ: Verna Sabol." Mo dúró síbẹ̀ títí obìnrin tó ń tajà fi wá bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo fi ìka mi tó ń gbọ̀n hàn án níbi tí orúkọ mi wà.