Ìsinmi Gbọ́ọ̀rọ̀ Tí Tíṣà Fi Ta Póókà

Ẹni tó bá mọ Tíṣà dáadáa á sọ fún yín pé ọkùnrin náà kò lè rí àṣìṣe kó kọjá lọ. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá gbé àkọlé síta pé àwọn ti dín owó ọjà kù, á kọ́kọ́ dúró ṣírò bóyá lóòótọ́ ni wọ́n dín in kù, kó tó wá wò ó bóyá bàtà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ ni àbí ìkòkò. Bí ìṣirò wọn kò bá sì pé, á wọlé lọ sọ fún wọn. Kò ní ra nǹkan kan o. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ girama kan náà, nínú yàrá kan náà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kan kì í tì tán. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, iṣẹ́ náà sú u gan-an. Ọmọ méjìdínlógójì ló jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá níwájú rẹ̀, mẹ́fà péré ló yege. Ó kó ìwé wọn wálé, ó gbé e lé orí tábìlì ìdáná, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

"Agbọ̀n ni mo fi ń pọnmi," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ."

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ìgboro. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ orin yìí lópin ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ibi tó máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Tíṣà fi ẹsẹ̀ tuntun kún orin náà. Ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ti rí òmíràn.

"Iṣẹ́ wo nìyẹn?"

"Póókà."

Obìnrin náà rọra gbé ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà sílẹ̀, kó má baà fi í dá ọ̀ràn.

"Ayò káàdì tí wọ́n ń fowó ta ní kásínò ilé ìtura ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin," Tíṣà tẹ̀ síwájú. "Ìṣirò ni gbogbo ẹ̀, ìyàwó mi. Ìṣirò àti ojú èèyàn. Ta ló mọ ojú èèyàn tó mi? Láti ẹ̀yìn ni mo ti ń mọ ọmọ tó fi ìwé pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Olówó orí mi, ẹ̀yìn lẹ sọ pé ẹ ti ń mọ̀ ọ́n, ẹ ò sọ pé ojú."

Síbẹ̀ kò bá a jà. Obìnrin tó ti bá ọkùnrin gbé pẹ́ mọ ìgbà tí èèyàn máa ń di ẹnu ọ̀nà àti ìgbà tí èèyàn máa ń yà fún un. Ó ní kó lọ, ìsinmi gbọ́ọ̀rọ̀ yìí nìkan, pẹ̀lú owó tó wà lápò ara rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ padà sí báńkì lọ mú òmíràn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé tó ṣì ń jèrè, kó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun fúnra òun á bá a mú un lọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Bí èrè kò bá sì sí, kó padà sí kíláàsì rẹ̀, kí òun má sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ agbọ̀n àti omi mọ́ nínú ilé yìí títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà gbà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bá a gé àlùbọ́sà tó kù.

Bí ó ṣe ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ náà ló ṣe ń lọ sí kásínò. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, á ti dúró síwájú rẹ̀ ní mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán nínú ike àti súwẹ́tà lápá, torí ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ kò mọ̀ pé ìgbà ooru jẹ́ ìgbà ooru. Aago mẹ́rin á dìde. Abẹ́ ilẹ̀ ilé ìtura náà ni ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì wà. Kò ní fèrèsé, kò sí aago lára ògiri, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì nípọn débi pé èèyàn kò gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà ní kọ̀rọ̀ tó ń ta kọfí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Tíṣà lẹ̀ ìwé kékeré kan mọ́ ọn pé bọ́tìnnì tó sọ pé tíì ni kéèyàn tẹ̀ tó bá fẹ́ kọfí, kéèyàn má sì tẹ ìkẹta rárá.

Àwọn tó máa ń wà ní tábìlì lọ́sàn-án kò pọ̀. Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títọ́jú eyín, Dókítà Eyín ni wọ́n ń pè é. Obìnrin kan wà tó ń wa bọ́ọ̀sì ìgboro, tó jẹ́ pé ìdájí ló máa ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán. Aṣọ iṣẹ́ ló máa ń wọ̀ wá, wọ́n sì ń pè é ní Ọ̀gá Awakọ̀. Àwọn yòókù ń wá, wọ́n ń lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń pín káàdì kì í sọ̀rọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó sọ.

Ayò náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n á fún oníkálukú ní káàdì méjì ní bòńkẹ́lẹ́, wọ́n á sì máa ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì fún gbogbo ayé: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Nínú méje yẹn lèèyàn á ti kó márùn-ún tó dára jù jọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣí i ni wọ́n ń fi ike pẹlẹbẹ tó dúró fún owó kún ti àárín. Ẹni tó bá rí i pé tòun kò dáa lè ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan sì lè fi ike púpọ̀ sílẹ̀ kó fi dẹ́rù ba àwọn yòókù. Irọ́ pípa nìyẹn, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Lóṣù àkọ́kọ́, Tíṣà jèrè. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Dókítà Eyín máa ń fi ahọ́n kan eyín ara rẹ̀ bó bá fẹ́ purọ́, Ọ̀gá Awakọ̀ máa ń di tábìlì mú bíi pé gíà wà lábẹ́ rẹ̀ bí káàdì rẹ̀ bá dára. Tíṣà rí gbogbo ẹ̀. Ó ń dé ilé pẹ̀lú ayọ̀, ó ń kọrin ní balùwẹ̀, ó sì ti ń fi ojú àánú wo àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá pàdé lójú títì.

Àṣìṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọ̀gá Awakọ̀ ti ná ike púpọ̀ lé ọkàn lórí. Ọkàn ni àmì pupa tó wà lára ìdámẹ́rin káàdì, bí èèyàn bá sì rí márùn-ún tó ní àmì kan náà, káàdì ńlá ló ní. Méjì wà lọ́wọ́ obìnrin náà, ọ̀kan ṣoṣo sì ni káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ mú wá sórí tábìlì, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ lé e lọ títí gbogbo rẹ̀ fi bọ́ sọ́wọ́ Tíṣà. Ẹlòmíràn á kó ike rẹ̀, á dákẹ́. Tíṣà kó ike rẹ̀, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá Awakọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyẹn lè jáde. Ẹ wò ó." Ó ti fa ìwé ìnuwọ́ jáde, ó ti ń kọ ọ́ sí i. "Bọ́ọ̀sì tó ti kúrò ní gáréèjì ni ẹ̀ ń sá tẹ̀ lé yẹn. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe kì í sá tẹ̀ lé e láéláé."

Obìnrin náà wo ìwé ìnuwọ́ náà títí. Ó ká a, ó fi í sápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu Tíṣà kò dé mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá jẹ ẹnì kan ló ń sọ ibi tónítọ̀hún ti ṣì í. Ó kọ́ Dókítà Eyín láti ju káàdì burúkú sílẹ̀, ó sì sọ fún un pé kó jáwọ́ nínú ahọ́n kíkàn méyín, torí ó ń tú àṣírí. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mọ òpùrọ́: "Ẹ má wo ìdáhùn, ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ohun tó ṣe nígbà tí káàdì àkọ́kọ́ ṣí, ṣé ó bá ohun tó ń ṣe nísinsìnyí mu? Bí iṣẹ́ kò bá bá ìdáhùn mu, ó jí i wò ni." Ọ̀gá Awakọ̀ ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu oúnjẹ, inú rẹ̀ ń dùn. Obìnrin náà jẹun díẹ̀, ó mumi.

"Àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ máa jẹ owó wọn láti fi bọ́ wa, àwọn náà lẹ̀ ń kọ́ kí wọ́n má jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́?"

"Mo kàn ń tún un ṣe fún wọn ni."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ohun tó ti di bárakú síni lára, ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan kò lè yọ ọ́. Nígbà tí ìsinmi fi máa ku ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó ń fi ike sílẹ̀ fún un lásán mọ́. Bó bá ní káàdì tó dára, gbogbo wọn á ju tiwọn sílẹ̀ tìrònútìrònú. Èrè rẹ̀ ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn, tí ilé-ẹ̀kọ́ máa wọlé lọ́jọ́ Ajé, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán kò ju iye tó mú wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi lọ. Kò jèrè, kò pàdánù. Ó rántí kíláàsì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó rántí ìwé méjìdínlógójì. Ó ku wákàtí kan.

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe pinnu láti purọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ayò kan, gbogbo àwọn yòókù ju káàdì sílẹ̀, ó ku òun àti Ọ̀gá Awakọ̀. Nọ́ńbà márùn-ún tó tẹ̀ léra wọn, tí òun náà jẹ́ káàdì ńlá, ni Tíṣà ti ń lé bọ̀, wọn kò sì jáde. Òfo gbáà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì karùn-ún tí wọ́n ṣí jẹ́ ọkàn, ó sì sọ ọkàn tó wà lórí tábìlì di mẹ́ta. Ẹni tó bá ní méjì lọ́wọ́ ti pé márùn-ún nìyẹn. Tíṣà gbá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ike rẹ̀ jọ, ó tì í sáàárín, ó fọwọ́ lé ara wọn, ó sì ṣe ojú tó máa ń ṣe bó bá ń pín ìwé ìdánwò.

Ọ̀gá Awakọ̀ kò fọwọ́ kan káàdì rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n tò ó," ó ní. "Nígbà tí mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣí, ọkàn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo fowó sílẹ̀, Tíṣà bá mi fi sílẹ̀."

Orí Tíṣà mì díẹ̀, sókè, sísàlẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ọkàn méjì ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn, ó di dandan kí méjì mìíràn jáde nínú méjì tó kù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn."

Orí náà tún mì. Dókítà Eyín rí i, ó yíjú sí ògiri.

"Tíṣà kì í sì í sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì tó ti kúrò ní gáréèjì. Nítorí náà wọn ò lè ní ọkàn. Iṣẹ́ kò bá ìdáhùn mu."

Nígbà yìí, orí Tíṣà ti kúrò níkàáwọ́ ẹni tó ni ín. Ó ń mì fún ara rẹ̀, bó ṣe máa ń mì bí ọmọ kan bá dìde ní ìlà ẹ̀yìn tó sì ń sọ ọ́ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó mọ ojú gbogbo ayé kò mọ ohun tí orí tirẹ̀ ń ṣe.

"Ẹ ṣé, Tíṣà," Ọ̀gá Awakọ̀ sọ, ó sì ka iye ike kan náà sáàárín. Káàdì oní-mẹ́sàn-án méjì péré ló ní lọ́wọ́, òfo sì ni ti Tíṣà. Ó tó.

"Ó gbà á," Tíṣà ní. Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ló pàdánù.

Ó yẹ kó bà á nínú jẹ́. Ó dúró de ìbànújẹ́ náà, kò dé. Ohun tó dé jẹ́ ayọ̀ kan tó kún un láyà, tó jẹ́ pé gbogbo ike tó jẹ láti ìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ kò mú irú rẹ̀ wá rí. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

Ọ̀gá Awakọ̀ kò tíì kó èrè rẹ̀. "Tíṣà, ìdánwò kan wà níléeṣẹ́ wa, fún ẹni tó bá fẹ́ di alábòójútó àwọn awakọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń sá fún un. Ìṣirò wà nínú ẹ̀."

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá."

Tíṣà ka ìka. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó máa tó, bí ẹ ò bá pa ọjọ́ kankan jẹ. Kíláàsì mi máa ń ṣófo láago mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ mú pẹ́ńsù wá, ẹ má mú bírò."

"Kíláàsì wo?" Dókítà Eyín bi í. "Ṣebí ẹ sọ fún wa pé ẹ ti kúrò níbẹ̀."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ike díẹ̀ tó kù níwájú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń pín káàdì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń kó aṣọ kúrò lórí okùn. Kò bi í ní ìbéèrè gígùn.

"Ẹ jẹ ni, àbí wọ́n jẹ yín?"

"Wọ́n jẹ mí."

Obìnrin náà ti pèsè ọ̀rọ̀ ìtùnú kan sílẹ̀ láti àárọ̀, ó tún ti pèsè ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ sílẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, Tíṣà sì jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí obìnrin awakọ̀ kan ṣe tò ó, káàdì kan tẹ̀ lé òmíràn, láìfo ìgbésẹ̀ kankan. Ìyàwó rẹ̀, tí kò mọ ọkàn yàtọ̀ sí ayaba nínú káàdì, gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì ní kó tún un sọ.